Ẹ má tíì ki kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn bọ iná

Ní Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì gbé àpò kan wá bá mi ní Lágéré. Ó kí mi tán, ó rọra gbé àpò náà lé tábìlì bí ẹni gbé ẹyin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti kú, àmọ́ ọkàn mi ò gbà." A tú àpò. Commodore 64 ni: àpótí pẹlẹbẹ tó ti pọ́n rúsúrúsú, bọ́tìnnì rẹ̀ ní àwọ̀ obì tó gbẹ, àdápítà rẹ̀ wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ibẹ̀ ló ti rà á.

Mo bi í pé, "Ṣé o ti kì í bọ iná?"

Ó ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná."

Inú mi dùn gan-an, mo sì sọ fún un. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ń pè ní òkú ni kò kú. Ọjọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á bá fẹ́ dán an wò ló ń kú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo rà, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti kì í bọ iná. Ó tàn, ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, kò sì là mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo wá wọn àdápítà rẹ̀, fóltì 8 ló ń jáde níbi tó yẹ kí 5 ti máa jáde. Ẹ̀rọ náà wà láàyè nígbà tí mo rà á. Ìkánjú mi ló pa á. Ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ rà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kíbọ́ọ̀dù ni, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ dà. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún nìyẹn. Abẹ́ bọ́tìnnì ni ọpọlọ rẹ̀ wà, tẹlifíṣọ̀n ilé yín ni ojú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tàbí dísìkì ló ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Kò ní Windows. Ọdún 1982 ló jáde ní Amẹ́ríkà, nígbà tí yunifásítì tó wà nílùú wa yìí ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. 1987 ni wọ́n tó fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Tí ara rẹ̀ bá yá, kí ẹ tó ka ení dé àrún lẹ́yìn tí ẹ tàn án, ojú tẹlifíṣọ̀n á di búlúù, á kọ COMMODORE 64 BASIC V2 sókè, á kọ 38911 BASIC BYTES FREE sábẹ́ rẹ̀, á wá kọ READY, àmì kékeré onígun mẹ́rin kan á sì máa ṣẹ́jú. Ẹ fi nọ́ńbà 38911 yẹn sọ́kàn.

Iná wá ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Àdápítà Commodore 64 ń kó oríṣi iná méjì gba inú wáyà kan. Àkọ́kọ́ ni fóltì 5, iná ọ̀nà kan bíi ti bátìrì, tó ń lọ tààrà sára àwọn áísì (IC), àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Èkejì ni fóltì 9, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti ara ògiri, tí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n to àwọn áísì sí, ń tún ṣe fún àwọn tó nílò rẹ̀. Fíúsì kan wà nínú ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àmọ́ fóltì 9 nìkan ló ń ṣọ́. Fóltì 5 kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Ohunkóhun tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, orí áísì ló máa bá.

Ẹ wá wo inú àdápítà náà. Wọ́n da nǹkan kan tó le bíi òkúta bo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ooru kò ríbi jáde. Rẹ́gúlétọ̀ tó ń di fóltì 5 mú, tí kì í jẹ́ kó gòkè, ti wà nínú ooru yẹn láti bí 40 ọdún. Tó bá yẹ̀, ó lè má kú jẹ́ẹ́. Ó lè dà bíi géètì tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ síbi tó ti ṣí, kí iná tó lágbára jù máa ya wọlé gbuurugbu. Àwọn áísì tó ń tọ́jú ìrántí ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá a.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn àdápítà. Mítà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn onírédíò fi ń wọn iná ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ki àdápítà bọ ara ògiri, àmọ́ ẹ má kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀: ẹsẹ̀ 7 ló wà níbẹ̀, wọ́n tò yípo bíi òṣùpá tí kò tíì kún. Ẹ fi wáyà dúdú mítà kan ẹsẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn, ẹ fi pupa kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá kan, kí ẹ tún kan ti apá kejì. Ọ̀kan máa fún yín ní fóltì 5, ìkejì kò ní fún yín ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí mítà sí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kan ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ìkángun: 9 tàbí kó lé díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ ṣọ́ra kí orí wáyà mítà má kan ẹsẹ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Láàárín 4.75 sí 5.25 ló yẹ kí fóltì 5 yẹn wà. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹ gbé àdápítà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tún gbọ́dọ̀ fara kan kọ̀ǹpútà. Tó bá sì dára, ẹ fi í sílẹ̀ nínú iná fún wákàtí kan kó gbóná, kí ẹ tún un wọ̀n. Ti ọmọkùnrin yìí ka 5.1 nígbà tó tutù. A jẹ̀kọ, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a padà dé ìdí rẹ̀: 5.8. Ó wò mí, mo wò ó. Ká ní ó ti kì í bọ ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú yàrá rẹ̀, ńṣe ni ì bá máa ṣeré lọ títí tí àdápítà á fi gbóná dé ibẹ̀. Lójú tèmi, kódà èyí tó bá yege, ẹ má fọkàn tán an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ṣì ń ṣe tuntun fún ẹ̀rọ yìí nílẹ̀ òkèèrè, owó tí ẹ máa fi rà á kò tó ẹ̀dùn ọkàn tí mo rí.

Ẹ̀rọ tó bá wá láti Ìlú Ọba bá iná wa mu. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, fóltì 120 ni àdápítà rẹ̀ ń fẹ́, 230 ló wà lára ògiri wa; ẹ má kì í bọ̀ ọ́ láìsí tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe máa ń fò nígbà tó bá ń dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gílóòbù ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀, mi ò ní fi tan ẹ̀rọ tó tó ọjọ́ orí yìí rárá.

Tó bá jẹ́ ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn, lẹ rà, ìkìlọ̀ tirẹ̀ ni pé nẹ́gétíìfù ló wà nínú ihò àárín ẹnu wáyà rẹ̀, pọ́sítíìfù wà lára. Ọ̀pọ̀ àdápítà fóltì 9 tó wà lọ́jà ló jẹ́ òdì kejì. Pé ẹnu wáyà wọ ihò kò sọ pé wọ́n bára mu.

Tí iná bá ti dára, ẹni tó kù tó máa ń parọ́ mọ́ ẹ̀rọ ni tẹlifíṣọ̀n. Commodore tó wá láti Ìlú Ọba ń fi àwòrán gba wáyà áńtẹ́nà, ní agbègbè ìkànnì 36 ti UHF. Ẹ fi ọwọ́ wá a díẹ̀díẹ̀, torí tẹlifíṣọ̀n tó ń wá ìkànnì fúnra rẹ̀ lè fò ó kọjá. Ẹ lè wá rí àwòrán tó mọ́ kedere, kí ẹ má gbọ́ ohùn kankan àfi ariwo ṣáà. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń dájọ́ ikú fún áísì ohùn tí kò ṣe nǹkan kan. Ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní PAL ni àwa àti wọ́n jọ lò fún àwòrán nígbà yẹn, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé ohùn sí yàtọ̀ sí tiwa: tiwa jìnnà sí àwòrán ní 5.5 MHz, tiwọn ní 6.0. Tẹlifíṣọ̀n wa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà 5.5, ohùn ń kan ilẹ̀kùn 6.0. Ẹ jáwọ́ nínú áńtẹ́nà, ẹ ra wáyà tó máa ti inú ihò àwòrán tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lọ sínú ihò AV tẹlifíṣọ̀n, yẹ́lò fún àwòrán, funfun fún ohùn. Àwòrán náà á tún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá ṣú pátápátá ńkọ́, tí iná pupa kékeré orí ẹ̀rọ sì ń tàn? Iná pupa yẹn kò jẹ́rìí ohun púpọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé fóltì 5 ti wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì, torí tí fíúsì bá já, fóltì 9 kò ní dé ibi tó ń lọ, iná pupa á sì máa tàn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe. Tí fíúsì bá dára, ọ̀rọ̀ ti kan áísì nìyẹn. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ni PLA, tó dà bíi ẹni tó ń darí ọkọ̀ ní oríta Mayfair: òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀ nínú gbogbo àwọn áísì yòókù. Tó bá dákẹ́, gbogbo wọn á kọlu ara wọn, kò sí ohun tó máa hàn. Ẹ tún lè rọra fi ìka kan àwọn áísì ìrántí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni ẹ mú. Ẹ má fi ti áísì àwòrán ṣe, gbígbóná ni tirẹ̀ láti ìlẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ta-ta-ta tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ ọlọ́ràá lálẹ́ ọyẹ́, iná ni, ó sì lè pa áísì láìjẹ́ pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, àdápítà tèmi la fi tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n di búlúù. Ó pariwo. Èmi wo nọ́ńbà: 26623 BASIC BYTES FREE.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yìí dáadáa, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Wọ́n ní 64K, ìyẹn yàrá kéékèèké 65536 nínú ìrántí rẹ̀. Kí ló dé tí 38911 péré wá ṣẹ́ kù lára ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá? Kò sí ohun tó sọnù. Yàrá 2049 ni BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ yìí, ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì ń dúró níbi tí 40960 ti bẹ̀rẹ̀, torí láti ibẹ̀ lọ ni òun fúnra rẹ̀ àti àwọn ohun èlò mìíràn ti gba iwájú. Tí ẹ bá yọ 2049 kúrò nínú 40960, 38911 ló kù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ ló ń kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, tó ń fi nǹkan sí i, tó ń wò ó bóyá ohun tí òun fi síbẹ̀ náà ló bá. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni yóò ti dá ìkà dúró. Nọ́ńbà tó bá dín sí 38911, ẹ̀rọ ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún.

A fi 2049 kún 26623, a rí 28672. Mo ní kó tẹ POKE 28672,0 kó wá tẹ PRINT PEEK(28672). Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: fi òdo sínú yàrá 28672, kí o wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Òdo ló yẹ kó dáhùn. Ó dáhùn pé 16.

Áísì 8 ló pín ìrántí ẹ̀rọ yìí rù (inú àwọn tó jáde kẹ́yìn, 2 ni). Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, iye tí kálukú ń gbé ò jọra: ẹnì kan ń gbé 1, ẹnì kan 2, àwọn yòókù 4, 8, 16, 32, 64 àti 128. Ẹ fojú èésú wò ó. Àwọn mẹ́jọ ló ń dá a, iye tí kálukú ń dá kò sì bá ti ẹlòmíì dọ́gba. Tí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má dá owó lónìí, tí ẹ wá bá 16 lórí ẹní, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ẹni tó dá a? Tí wọ́n bá sì ní kí gbogbo ayé dá tiwọn, tí ẹ fi 255 síbẹ̀, tí 239 wá jáde, ẹni kan náà ni kò dá. Bí a ṣe mọ áísì tó ń ṣàìsàn nìyẹn láì tíì tú ẹ̀rọ. Ibi tó wà lára bọ́ọ̀dù yàtọ̀ láti bọ́ọ̀dù kan sí èkejì, ẹ wá àwòrán ti bọ́ọ̀dù yín gan-an kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àìsàn yẹn. Géèmù ńlá tó bá fẹ́ lo yàrá 28672 ló máa dojú dé. Torí náà a fi ọ̀rọ̀ áísì sílẹ̀, ó fẹ́ kọ ILE-IFE sójú tẹlifíṣọ̀n. ILE-IE ló jáde.

Bọ́tìnnì F. Èyí kì í ṣe àìsàn áísì rárá. Bọ́tìnnì 66 ló wà lórí rẹ̀, abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà dúdú kékeré kan tó ń tẹ bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ohun dúdú kun. Eruku ní àárín méjèèjì ti tó láti dá a dúró. A tú súkúrúù mẹ́ta tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, a tú àwọn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù sínú àwo, mo jó wáyà méjì bọ́tìnnì SHIFT LOCK kúrò. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà méjì yẹn tó sì fà á á já wọn. Eruku pupa ló kún abẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ aáyán kan sì lẹ̀ mọ́ ibi tí F ń tẹ̀. Òwú àti sípíríìtì la fi nù ún, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, torí tí ẹ bá fi agbára họ ọ́, ohun dúdú yẹn á ṣí kúrò, kò sì ní padà. Nígbà tó tún un kọ, ILE-IFE jáde ní pípé. (Tí kíbọ́ọ̀dù bá kọ̀ lápapọ̀, tí àmì onígun mẹ́rin yẹn kò sì ṣẹ́jú, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀gbin mọ́, áísì tí wọ́n ń pè ní CIA ni kí ẹ lọ wò.)

Kásẹ́ẹ̀tì kò le. Ẹ nu orí tó ń ka téèpù bí ẹ ṣe ń nu ti rédíò, ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ bóyá ó ti rà. Ohun tó ń já àwọn èèyàn láyà ni pé tí ẹ bá tẹ LOAD, tí ó ní PRESS PLAY ON TAPE, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n á parẹ́. Kò kú o. Bó ṣe ń ka téèpù nìyẹn, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ ńlá. Ẹ má pa á.

Ó ku áísì tó ń gbé 16 yẹn. Ọmọkùnrin náà fẹ́ ká yọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, ó ti ń wo áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó wáyà. Mo ní rárá. Lẹ́ẹ̀dì tí áyọ́ọ̀nù ń yọ́ ló di ẹsẹ̀ 16 áísì yẹn mú mọ́ bọ́ọ̀dù, ilà bàbà tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ jù lójú kan, ilà yẹn á bó, ìṣòro kan á sì di mẹ́ta. Mo ní kó lọ bá àwọn onírédíò ní Sábó, kó ra òkú rédíò, kó máa fi áísì wọn kọ́ṣẹ́: kó fa lẹ́ẹ̀dì tán lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e, kó má fi ipá fa ohunkóhun. Ọjọ́ tó bá yọ ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tí bọ́ọ̀dù kò ní ojú àpá, kó gbé Commodore rẹ̀ wá. Ihò ìjókòó áísì la sì máa jó síbẹ̀, kì í ṣe áísì tuntun tààrà, kó má baà sí jíjó mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó ti wà lórí rédíò kẹta báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú áísì kan wá hàn mí nínú páálí ìṣáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún dúró ṣánṣán. Mo ní kó mú bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá kí n rí i. Ilà méjì ti bó níbẹ̀. Ó ní òun ń lọ ra ìkẹrin.